Oorun Olùkọ́: Àgbéyẹ̀wò Ìhùwàsí Oorun àti Ìdára Oorun láàrin Àwọn Olùkọ́ ní Èkó àti Agbègbè Rẹ̀

Àṣamọ̀

Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìwé tí olùkọ́ ń lò, ọgbọ́n ìkọ́ni tí ó ń tẹ̀ lé àti owó oṣù tí ó ń gbà. Wọn kì í sábàá ka oorun rẹ̀ mọ́ ohun tí ó kan ẹ̀kọ́. Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé oorun jẹ́ ọ̀kan lára ohun èlò iṣẹ́ olùkọ́, àti pé ọ̀rọ̀ ìṣètò ni àìsùn tó jẹ́ ju ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀lẹ tàbí ìwà akin lọ. Bébà náà yẹ àwọn ọ̀rọ̀ àti ìkíni Yorùbá tí ó jẹ mọ́ oorun wò. Ó ṣàlàyé bí oorun ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ó tọ́ka sí ohun tí ń jẹ oorun olùkọ́ run ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, ó sì fi hàn bí olùkọ́ ṣe lè fi èdè Yorùbá wọn ìdára oorun ara rẹ̀. Àbá tí ó kẹ́yìn rẹ̀ wà fún olùkọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ olùkọ́.

1.0 Ìfáárà

Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ lọ sí oko, ó ń pọ́n àdá rẹ̀. Bí aránṣọ bá fẹ́ ránṣọ, ó ń yẹ abẹ́rẹ́ rẹ̀ wò. Irinṣẹ́ olùkọ́ kò pin sí ṣọ́ọ̀kì àti ìwé nìkan. Ojú tí ó fi ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, etí tí ó fi ń gbọ́ ìdáhùn, ohùn rẹ̀, ìrántí rẹ̀ àti sùúrù rẹ̀ wà lára irinṣẹ́ náà. Oorun ni ó ń pọ́n gbogbo wọn. Síbẹ̀, bí àwọn olùkọ́ bá péjọ láti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ń dí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́, àga, ìwé àti owó ni a ó kọ́kọ́ gbọ́. Oorun kì í sí níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí olúkúlùkù ń ṣe lórí ibùsùn rẹ̀ kò kan iṣẹ́.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìhùwàsí oorun ni àsìkò tí ènìyàn ń sùn, àsìkò tí ó ń jí, àti ohun tí ó máa ń ṣe kí ó tó sùn. Ìdára oorun ni bí oorun náà ṣe wọra tó, bí a ṣe ń jí sójú rẹ̀ tó, àti bí ara ṣe rí nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ènìyàn lè pẹ́ lórí ibùsùn kí oorun rẹ̀ má sì dára. Ẹlòmíràn lè sun oorun tí ó wọra, ṣùgbọ́n kí ó má tó. Àwọn olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ bébà yìí lógún jù lọ ni àwọn tí ń kọ́ni ní Èkó, tí wọ́n sì ń gbé ní Ìkòròdú, Ọ̀tà, Ìbàfò, Mowé àti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀.

2.0 Oorun nínú Èdè àti Èrò Yorùbá

Kí a tó lè wọn oorun, ó yẹ kí a mọ bí èdè ṣe gbé e kalẹ̀. Ní alẹ́, Yorùbá a máa sọ fún ara wọn pé "Ó dàárọ̀" tàbí "Kí Ọlọ́run jí wa ire." Ní òwúrọ̀, ìbéèrè méjì ni ó máa ń tẹ̀ lé "Ẹ káàárọ̀": "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" àti "Ṣé ẹ jí ire?" Kò sí ìkan nínú wọn tí ó béèrè iye wákàtí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń wádìí bí oorun ṣe rí, èkejì ń wádìí bí ìjí ṣe rí. Ohun tí ó hàn nínú ìkíni yìí ni pé bí ara bá ṣe rí ní òwúrọ̀ ni a fi ń mọ irú oorun tí a sùn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní náà kò fi iye wákàtí nìkan díwọ̀n oorun mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún oorun kò mọ ní ẹyọ kan. Ẹni tí ó jókòó tí orí rẹ̀ ń já wálẹ̀ ń tòògbé. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọ̀san ń fi oorun rẹjú. Ẹni tí kò mọ ohun tí ń lọ ní àyíká rẹ̀ mọ́ ti sùn wọra. Ẹni tí oorun kọ̀ láti wá bá ní àìróorunsùn. Olùkọ́ tí ó mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ní ìpìlẹ̀ tí ó fi lè ṣàlàyé ìṣòro ara rẹ̀ fún dókítà láì yá èdè mìíràn lò.

Ìhun gbólóhùn náà ní ohun tí ó ń sọ. Yorùbá a máa wí pé "Oorun ń kùn ún", "Oorun gbé e lọ", "Oorun dá lójú rẹ̀." Nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oorun ni olùwà. Ènìyàn kọ́ ni ó ń ṣe nǹkan níbẹ̀, òun ni nǹkan ń ṣe. Èdè náà gbà pé agbára kan ni oorun jẹ́, tí ó lè borí ẹni tí kò fẹ́ sùn. Èyí yàtọ̀ sí èrò àwọn tí ń sọ pé ẹni tí ó bá ní ìpinnu lè máa fi oorun du ara rẹ̀ títí láé.

A kò lè sọ pé àṣà Yorùbá kò gbé oríyìn fún àìsùn. "Ẹ kú àìsùn" ni a fi ń kí àwọn tí ó ṣe àìsùn òkú tàbí ìṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí i pé àìsùn bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní òpin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn tí ó ṣe é ń lọ sinmi. Àìsùn olùkọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ jìn kò ní òpin bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjọ́ Ajé ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú.

3.0 Bí Oorun Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1982, Alexander Borbély ṣàlàyé pé agbára méjì ni ó ń darí oorun. Èkíní ni ìwúwo oorun tí ń kó jọ láti ìgbà tí ènìyàn ti jí: bí a bá ṣe pẹ́ lójúfò tó ni ó ń wúwo tó, oorun nìkan ni ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èkejì ni aago inú ara, tí ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a máa tú mẹlatóníìnì jáde láti fi tó ara létí pé òru ti dé. Ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ gan-an ní alẹ́ ń dá a dúró. Ìwádìí lórí ohun tí ń mú aago yìí ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ni Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017.

Oorun òru kan kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ní ọdún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago gbé ìròyìn jáde nípa oorun tí ẹyinjú ti máa ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú. Inú rẹ̀ ni àlá tí ó ṣe kedere ti máa ń wáyé jù. Oorun yìí àti oorun tí ó wọra ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ní ìyípo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Oorun tí ó wọra pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, oorun àlá sì pọ̀ ní ìdájí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń jí ní agogo 4 lójoojúmọ́ kò kàn pàdánù wákàtí lásán. Oorun àlá, tí àwọn onímọ̀ so mọ́ ìrántí àti ìtùnú ọkàn, ni ó ń pàdánù jù.

Ní ti iye wákàtí, ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ National Sleep Foundation ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2015 ni pé kí àgbàlagbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin ọdún 18 sí 64 máa sùn fún wákàtí 7 sí 9. Fún ọmọ ọdún 14 sí 17, wákàtí 8 sí 10 ni. Fún ọmọ ọdún 6 sí 13, wákàtí 9 sí 11 ni.

4.0 Ohun tí Ń Jẹ Oorun Olùkọ́ Run

4.1 Ọ̀nà tí ó jìn

Fún àpẹẹrẹ, kí a mú olùkọ́ kan tí ń gbé ní Ìkòròdú, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà ní Erékùṣù Èkó. Bí kò bá fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá òun dúró, ó ní láti jí ní agogo 4, kí ó sì ti wà lójú ọ̀nà ní agogo 5. Bí ó bá padà sílé ní agogo 7 alẹ́, tí ó se oúnjẹ, tí ó tọ́jú ọmọ, tí ó wo ìwé díẹ̀, agogo 10 àbọ̀ ni yóò tó dùbúlẹ̀. Wákàtí 5 àbọ̀ péré ni ó kù kí agogo 4 tó lù. Ní òru 5 tí ó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 27 àbọ̀. Bí a bá fi wé wákàtí 35, tí í ṣe wákàtí 7 ní ọ̀nà márùn-ún, ó ti jẹ gbèsè wákàtí 7 àbọ̀. Èyí ju odindi oorun òru kan lọ, ó sì ń jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Iye owó ilé ní àárín ìlú ni ó ń lé ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ sí ẹ̀yìn odi. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ náà ti gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Àwọn mìíràn ń dúró de ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré, wákàtí tí wọ́n fi dúró sì tún ń dín oorun kù.

4.2 Iṣẹ́ tí ń bá olùkọ́ relé

Olùkọ́ tí ó ní kíláàsì 4, tí akẹ́kọ̀ọ́ 40 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìwé 160 láti yẹ̀ wò bí ó bá fún wọn ní iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìwé kan bá gba ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 800 ni, èyí tí í ṣe wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 20. Bí ó bá fi wákàtí 2 sílẹ̀ fún un lálaalẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó parí. Ti olùkọ́ Yorùbá tún le sí i. Àròkọ kì í ṣe ohun tí ìṣẹ́jú 5 ń tó kà, àmì ohùn sì ń béèrè ojú tí ó já fáfá. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ ju àmì kékeré lọ. Ojú tí oorun ń kùn ní agogo 11 òru lè fojú fo àmì náà, kí ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì tí kò tọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó tún ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí tí ń ṣòwò kí owó oṣù lè tó jẹun. Lára àwọn obìnrin, iṣẹ́ ilé ń dúró de ìyá lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba. Àwọn tí ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé náà mọ bí a ti ń kan ilẹ̀kùn ẹni lóru nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀rọ alágbèéká sì ti mú kí ìpè òbí àti iṣẹ́ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ máa wọlé títí di òru.

4.3 Ooru, ariwo àti ẹ̀fọn

Bí iná mànàmáná bá lọ ní òru, fáànù dúró, yàrá a sì gbóná. Àwọn kan a ṣí àwọ̀n ẹ̀fọn nítorí ooru, ẹ̀fọn a sì gba ibẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ibà ń bá ẹ̀fọn rìn. Àwọn mìíràn a tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ di ti gbogbo àdúgbò. Èéfín rẹ̀ léwu ju ariwo lọ, nítorí pé gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, wà nínú rẹ̀, ó sì lè pa ẹni tí ó sùn. Ariwo ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ láti ilé ìjọsìn àti òde àríyá náà wà níbẹ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2009, dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 40 ni wọ́n ní kí ariwo ìta má kọjá lóru. Jẹnẹrétọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń kọjá rẹ̀ lọ jìnnà.

4.4 Obì àti kọfí

Obì gbànja àti obì àbàtà ní kaféènì nínú gẹ́gẹ́ bí kọfí àti tíì. Ìdí nìyí tí awakọ̀ àti ọ̀dẹ òru fi ń jẹ ẹ́. Kaféènì kì í san gbèsè oorun. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dí ojú ibi tí ọpọlọ ti ń mọ̀ pé ó ti rẹ ara. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5, ìlàjì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Olùkọ́ tí ó jẹ obì ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́ kí ó lè yẹ ìwé wò ṣì gbé ìlàjì rẹ̀ lọ sórí ibùsùn ní agogo 11.

5.0 Ipa Àìsùn Tó nínú Kíláàsì

Ìwádìí kan tí Hans Van Dongen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2003 ṣe pàtàkì fún olùkọ́. Wọ́n pín àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le sí ọ̀wọ́. Fún òru 14 tẹ̀ léra, àwọn kan wà lórí ibùsùn fún wákàtí 8, àwọn kan fún wákàtí 6, àwọn kan fún wákàtí 4. Nígbà tí òru 14 náà fi pé, ìfọkànsí àwọn tí ó ní wákàtí 6 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé ó dà bí ti ẹni tí kò sùn rárá fún odindi òru kan sí méjì. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn fúnra wọn kò mọ̀ bí ó ti burú tó. Wọ́n rò pé ara àwọn ti mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń sọ pé "Ó ti mọ́ mi lára" kò purọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ó fi ń ṣèdájọ́ náà ni oorun kò tó. Ara kì í ṣe òkúta. Lára ohun tí ó lè hàn nínú kíláàsì ni pé olùkọ́ gbàgbé ibi tí ó bá ẹ̀kọ́ dé, ó ṣi orúkọ ọmọ pè, ó fi ìwé kíkà rọ́pò àlàyé, tàbí ó tètè bínú. Ìbéèrè kékeré tí ì bá fi ẹ̀rín dáhùn ní ọjọ́ tí ó sùn dáadáa lè di ohun tí yóò fi mú pàṣán. Ọmọ náà kò ní mọ̀ pé oorun ni ó fa ìbínú yẹn. Ohun tí yóò mú lọ sílé ni pé kò dára kí ènìyàn béèrè ìbéèrè.

Ó yẹ kí a rántí pé ọmọ tí ń tòògbé ní ìjókòó ẹ̀yìn lè ti jí ní agogo kan náà pẹ̀lú olùkọ́, bẹ́ẹ̀ oorun tí ara rẹ̀ nílò ju ti àgbàlagbà lọ. Kí a tó nà án, ìbéèrè tí ó yẹ ni àsìkò tí ó sùn àti ibi tí ó ti ń bọ̀.

6.0 Wíwọn Ìdára Oorun ní Èdè Yorùbá

Ọ̀kan lára òṣùwọ̀n tí ó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí Daniel Buysse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Pittsburgh, tí ó jáde ní ọdún 1989. Oṣù kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni ó ń béèrè nípa rẹ̀. Ẹ̀ka 7 ni ó ní, a sì lè pè wọ́n báyìí ní Yorùbá:

(i) bí olóorun ṣe rí oorun ara rẹ̀ sí;
(ii) bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí oorun tó gbé e lọ;
(iii) iye wákàtí tí ó fi sùn gan-an;
(iv) ìdá tí ó fi sùn nínú àsìkò tí ó fi wà lórí ibùsùn;
(v) ohun tí ń jí i, bí ìtọ̀, ooru, ìrora, ikọ́ tàbí híhanrun;
(vi) lílo oògùn oorun;
(vii) ìṣòro lójúmọmọ, bí títòògbé àti àìní ìtara fún iṣẹ́.

Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 0 sí 21. Bí ó bá ti kọjá 5, oorun náà kò dára. Bí olùkọ́ Ìkòròdú inú àpẹẹrẹ òkè yẹn bá wà lórí ibùsùn fún wákàtí 5 àbọ̀, ṣùgbọ́n tí ooru àti ariwo jẹ́ kí ó sun wákàtí 4 àbọ̀ péré, ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó fi sùn. Ẹ̀ka kẹta yóò fún un ní 3, ẹ̀ka kẹrin yóò fún un ní 1. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 4. Bí ó bá gba 1 péré nínú ẹ̀ka méjì mìíràn, ó ti di 6.

Ìṣọ́ra ṣe pàtàkì nínú ìtumọ̀. Bí a bá tú ẹ̀ka kìíní sí "Ṣé ẹ sùn dáadáa?", ènìyàn lè dáhùn bí ẹni tí a kí, kí ó sì wí pé "A dúpẹ́", nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń dá ìkíni lóhùn. Ó sàn kí a béèrè pé, "Láti oṣù kan sẹ́yìn, báwo ni oorun yín ṣe rí: ó dára gan-an, ó dára díẹ̀, ó burú díẹ̀, àbí ó burú gan-an?" Bákan náà ni híhanrun. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ń hanrun ń gbádùn oorun ni. Bí híhanrun náà bá lágbára, tí èémí sì ń dúró láàrin rẹ̀, tí ẹni náà ń tòògbé ní ọ̀sán, àìsàn ni, dókítà ni ó sì yẹ kí ó rí i.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó rọrùn fún àwọn olùkọ́-ní-ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n ṣe ìwé àkọsílẹ̀ oorun fún òru 14. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ àsìkò tí wọ́n dùbúlẹ̀, àsìkò tí wọ́n rò pé oorun gbé wọn lọ, iye ìgbà tí wọ́n jí, àsìkò tí wọ́n dìde, àti bí ara ṣe rí. Ní ìparí, kí wọ́n ṣírò àròpín rẹ̀, kí wọ́n sì fi gbólóhùn Yorùbá tí ó já gaara ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí.

7.0 Àbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Fún olùkọ́ fúnra rẹ̀, kí ó jẹ́ kí àsìkò ìjí rẹ̀ má yàtọ̀ púpọ̀ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀. Kí ó jáwọ́ nínú obì àti kọfí láti ọ̀sán. Kí ó gbé ẹ̀rọ alágbèéká jìnnà sí ibùsùn. Bí ààyè bá wà, kí ó fi oorun ìṣẹ́jú 20 rẹjú kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó má ṣe lo oògùn oorun láìjẹ́ pé dókítà ni ó kọ ọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A kò lè ní kí ẹni tí ń jí ní agogo 4 tètè sùn kí a má fọwọ́ kan ohun tí kò jẹ́ kí ó sùn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè yọ iṣẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù kúrò lọ́rùn àwọn tí ọ̀nà wọn jìn, kí ó ya àsìkò ìyẹ̀wéwò sọ́tọ̀ nínú tábìlì iṣẹ́, kí ó sì dẹ́kun fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn agogo 8 alẹ́. Ìjọba tí ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lè ka àdírẹ́sì ilé rẹ̀ mọ́ ohun tí yóò wò, kí àwọn olùkọ́ méjì tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà lè ṣe pàṣípààrọ̀ bí ọ̀kan bá ń gbé nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ èkejì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ lè fi ẹ̀kọ́ nípa oorun kún ìgbáradì fún ìdánrawò ìkọ́ni, nítorí pé àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi òru kọ nóòtì ẹ̀kọ́, tí ó sì ń di bárakú.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin sísùn àti jíjí ire, àti pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ta ko ohun tí ìkíni òwúrọ̀ ti ń béèrè. Ó fi hàn pé ọ̀nà tí ó jìn, iṣẹ́ tí ń bá olùkọ́ relé, ooru àti ariwo ni ó ń jẹ oorun rẹ̀ run, àti pé ẹni tí oorun kò tó kì í sábàá mọ bí ó ti pàdánù tó. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún olùkọ́ nìkan láti dá yanjú. Bí a bá lè ka iye ìwé tí olùkọ́ yẹ̀ wò àti iye ọjọ́ tí ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, a lè ka wákàtí tí ó kù fún un láti sùn. Àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ní ipa láti kó níbẹ̀, nípa ṣíṣe òṣùwọ̀n oorun tí olùkọ́ abúlé àti ti ìgboro yóò lè kà yé ara wọn, tí wọ́n yóò sì lè dáhùn láì fi ìkíni bo ìṣòro mọ́lẹ̀.